Ẹ wá wo àwòrán tí mo yà: Bódìjà, Láyípo, Ògùnpa, títí dé Ìtókù

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (Sátidé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì Ìbàdàn, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi tàn yín, kámẹ́rà kankan ò sí lọ́wọ́ mi. Fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán ni mo fi ya gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ rí yìí.

Nígbà tí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022, tí gbogbo wa jókòó sílé láti oṣù Kejì di oṣù Kẹwàá, àǹtí mi ní kí n wá máa bá àwọn ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn èlùbọ́ látàárọ̀ dalẹ́, kò sí ohun tí kò ní rí. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Nígbà tí ilé ìwé wọlé padà, mi ò jáwọ́.

Àwòrán àkọ́kọ́, Àgbowó ni, aago méje àárọ̀. Gbogbo èèyàn ló máa ń ya géètì Yunifásítì, torí náà mo kẹ́yìn sí i, mo kọjú sí òdìkejì títì. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì nìyẹn. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ tó tò síwájú wọn, wọ́n fi ṣéènì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ irin fèrèsé bí ẹran ọdún. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án, tí gbogbo wọn bá ń ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lè pe orúkọ yín kí ẹ má gbọ́.

Ìkejì, ọwọ́ àǹtí mi lórí kóńgò. Ẹ fara balẹ̀ wo èyí. Ọwọ́ òsì ló fi sé ẹnu kóńgò kí èlùbọ́ má baà ya, ọwọ́ ọ̀tún ń bù ú lé e títí ó fi ga ṣóńṣó. Ọwọ́ òsì yẹn gan-an ni ẹjọ́ wà. Bí ó bá tètè gbé e kúrò, èlùbọ́ á ya padà sínú ọpọ́n tiwọn. Oníbàárà tó mọ ọjà rà kì í wo ojú ẹni tó ń wọn nǹkan fún un, ọwọ́ ló ń wò. Ìkúnwọ́ kan tó wà lẹ́bàá rẹ̀ yẹn, ẹ̀nì ni.

Ìkẹta, Ìbàdàn láti orí Láyípo, ìyẹn ilé ìṣọ́ Bower tó wà ní Òkè Àrẹ. Páànù lórí páànù, gbogbo rẹ̀ ti dógùn-ún.

Ìkẹrin, Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Mo lóṣòó kí ilé gíga yẹn lè wọ inú àwòrán tán, ni ọkùnrin kan tó ń ta bẹ́líìtì bá gba iwájú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkarùn-ún, odò Ògùnpa, níbi tó ti ń gba inú kọnkéré kọjá. Omi ò dé kókósẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ ju omi lọ.

Ìyókù, Abẹ́òkúta ni. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Moníyà. Ẹ ó rí Olúmọ, ẹ ó rí Ìtókù níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Àwọn aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ló gbẹ̀yìn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ọ̀rẹ́ mi kan ní yàrá wa sọ pé àwòrán òrùlé yẹn ń tàbùkù ìlú, pé ṣe ni ó yẹ kí n ya Jẹ́ríkò tàbí ibòmíràn tó dùn-ún wò. Kí lẹ rí sí i?

ỌmọOlúyọ̀lé (8:31 alẹ́)

Ọ̀rẹ́ rẹ ò parọ́. Bí àwọn ará Èkó bá fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, òrùlé yìí náà ni wọ́n ń gbé jáde. Ìlú tó ti ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 1959, tó kọ́ pápá ìṣeré Liberty lọ́dún 1960, tó ní Yunifásítì kí ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà tó ní, ṣé páànù ló kù tí a máa fi hàn? O mọ àwòrán yà, mi ò jiyàn. Ibi tó o kọjú ẹ̀ sí ni mi ò fẹ́ràn.

Jẹ́jẹ́Layé (8:40 alẹ́)

Èmi o, ti kóńgò ni tèmi. Ọwọ́ yìí, mo mọ̀ ọ́n. Ó ti rẹ́ mi jẹ rí.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (8:43 alẹ́)

@Jẹ́jẹ́Layé, mo kà á fún àǹtí mi. Wọ́n ní kí ẹ wá sọ ọ́ lójú àwọn.

Olóòótú (8:50 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́, kú iṣẹ́. Jọ̀ọ́, dín títóbi àwòrán wọ̀nyẹn kù, dátà àwọn ènìyàn ń jó. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ Èkó sí Ìbàdàn o. Ẹ̀ẹ̀kan tó ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ náà parí kí ìjà tó parí.

BàbáMellanby (9:22 alẹ́)

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Mellanby Hall, ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì yín, lèmi gbé láyé ìgbà tí wọ́n ń fún wa ní adìyẹ jẹ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ má bi mí lọ́dún.

Ọ̀rọ̀ páànù yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Lábúlé wa lọ́nà Àkànràn, ewé gbòdògì àti koríko la fi ń bolé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Lọ́dún tí kòkó bàbá mi ṣe dáadáa, wọ́n lọ ra páànù wá láti Ìbàdàn, ọkọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wa, orí ni wọ́n fi rù ú. Ọjọ́ tí wọ́n kàn án, wọ́n pa ewúrẹ́. Àwọn èèyàn dúró lójú ọ̀nà wọ́n ń wò ó bó ṣe ń dán nínú oòrùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe bàbá mi ní Bàbá Onípáànù, títí wọ́n fi kú.

Owó kòkó kan náà yẹn ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi kọ́ Cocoa House, tó parí lọ́dún 1965. Ṣé o rí i, ọmọ mi, àwòrán kẹta àti ìkẹrin rẹ, owó kan náà ló wà nínú méjèèjì. Èyí tó ga, ìjọba ló kọ́ ọ. Èyí tó dógùn-ún, àwọn bàbá wa ló kọ́ ọ. Ìgbà tí èyí tó ga jóná lọ́dún 1985, wọ́n rówó tún un ṣe. Ta ló rówó tún ti Òkè Àrẹ ṣe?

@ỌmọOlúyọ̀lé, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n bí ojú òrùlé bá ń tì ọ́, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ bí wọ́n ṣe san owó ilé ìwé ẹni tó kọ́kọ́ kàwé nínú ìdílé yín.

ỌmọOlúyọ̀lé (9:30 alẹ́)

Bàbá, ẹ ti mú mi. Bàbá bàbá mi náà, oníkòkó ni. Síbẹ̀, kí ó ya Jẹ́ríkò mọ́ ọn.

Awakọ̀Sángo (9:58 alẹ́)

Ẹ kú ìjókòó o. Sángo sí Dùgbẹ̀ ni mo ti ń wa Micra. Èrò mi kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló fi ibí yìí hàn mí. Mo wo àwòrán ọmọ yìí látòkè délẹ̀, mi ò rí Micra kan ṣoṣo. Ta ló gbé ọ dé Dùgbẹ̀? Ṣé o fò ni?

Ohun tó yẹ kó o yà ni àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èrò méjì níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mẹ́rin lẹ́yìn, ìyá kan gbé bàsíà tòmátì lé itan, ọmọ ilé ìwé ń ka ìwé ìdánwò lórí èjìká ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn á wá ní "Mókọ́lá wà o!" Gbogbo ọkọ̀ á dìde kó tó lè bọ́ sílẹ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lọ́dún 2023, ojú la fi ń bára wa sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Mo bá dárúkọ iye, èrò á wo ojú mi, èmi náà á wo ojú epo. Ya ìyẹn náà.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (10:05 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Inú Micra yín ló há jù, ọwọ́ mi ò ṣeé nà. Mo ti gbìyànjú, etí ọkùnrin kan nìkan ni mo rí yà.

ỌmọÌbàdànNíPeckham (10:47 alẹ́)

Níbí tí mo wà ní Peckham nílùú Lọ́ńdọ̀nù, èlùbọ́ pọ̀ ní Rye Lane. Inú ọ̀rá ló wà, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n kọ iye kílò sí i lára. O ò lè yọ ọ́ wò, o ò lè bá a yọ̀, ẹ̀nì ò sì sí. Mo fi àwòrán kóńgò han ọmọ mi obìnrin, ó bi mí pé kí ló dé tí ìyá yìí fi ń fọwọ́ dí èlùbọ́ mú. Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo rí i pé mo ní láti ṣàlàyé kóńgò, kí n ṣàlàyé ọjà, kí n ṣàlàyé nínájà. Ó ti sùn kí n tó dé ìdí ẹ̀nì.

Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́, bí o bá tún padà lọ síbẹ̀, ṣe fídíò rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀.

Àdùnní_Òkèbọ̀lá (Àìkú, 6:55 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Gbogbo yín ń yìn ín, ìbéèrè kan ni tèmi. Ọkùnrin tó ń ta bẹ́líìtì yẹn, ṣé o gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀? Ojú rẹ̀ hàn ketekete. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn ni, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé àwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (7:20 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Mo kọ́kọ́ máa ń kí wọn. Bí owó bá wà lọ́wọ́ mi, mo máa ń ra nǹkan. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè. Ẹni tó bá ní rárá, ó parí síbẹ̀. Ìyá kan tó ń ta gààrí bi mí pé, "Èló ni wọ́n máa san fún ọ lórí ojú mi?" Mi ò yà wọ́n. Ọmọkùnrin aláàárù kan ní kí n ya òun, àmọ́ kí n má ya ẹrù tó wà lórí òun, torí ìyá òun nílé ò mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn lòun ń ṣe. Ìyẹn náà, mi ò gbé e síbí.

Oníbẹ́líìtì ní kí n dúró kí òun tún ọjà òun tò kí n tó yà á. Àwọn tó bá gbà, mo máa ń lọ tẹ àwòrán wọn sórí ìwé ní Àgbowó, mo sì máa ń mú un padà fún wọn. Tirẹ̀ wà lẹ́yìn fóònù rẹ̀ báyìí, ó fi há inú rọ́bà fóònù náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í pé ṣé òun ló ni Cocoa House.

Jẹ́jẹ́Layé (7:41 àárọ̀)

Ìyá Àdùnní, ọjà ṣáà ni. Ẹni tó bá wá sọ́jà ti wá síta. Bí a bá ní ká máa tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo Bódìjà, ilẹ̀ á ṣú kí a tó kúrò níbi àwọn aláta.

Àdùnní_Òkèbọ̀lá (7:50 àárọ̀)

Kó ya ọjà, kò burú. Bó bá ti di pé ojú ẹnì kan ló gba gbogbo àwòrán, onítọ̀hún ni kó sọ. Àlàyé ọmọ náà tẹ́ mi lọ́rùn, pàápàá ti aláàárù yẹn.

BàbáMellanby (8:36 àárọ̀)

Mo jí pẹ̀lú àwòrán Ògùnpa yìí lọ́kàn. Àbẹ̀kẹ́, o ní omi ò dé kókósẹ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣé o mọ ìdí tí kọnkéré ibẹ̀ fi ga tó bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ 1980, ọjọ́ Àìkú ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mókọ́lá ni mo wà. Òjò rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láì dá. Ọ̀rọ̀ Ògùnpa ò jẹ́ tuntun, ó ti máa ń kún tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kọ́lé há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ìdọ̀tí sì ti dí i. Ti ọjọ́ yẹn kọjá kíkún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Mo rí mọ́tò tó dojú dé lórí mọ́tò. Mo rí ibùsùn onírin tó há sábẹ́ afárá pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró sí ojú ibi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ dání. Àwọn tó kú lé ní 100. Àwọn mìíràn, wọn ò rí òkú wọn. Títí di òní, bí àgbàlagbà Ìbàdàn bá ní "Omíyalé," ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń wí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe kọnkéré. Oṣù Kẹjọ náà ni omi tún dé lọ́dún 2011, ó wọ inú Yunifásítì yín pàápàá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó o yà sínú rẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n bá dí ojú omi pa, kọnkéré ò ní ràn wá lọ́wọ́.

ỌmọOlúyọ̀lé (8:52 àárọ̀)

Ìyá mi ò lè gbọ́ òjò lóru kí wọ́n máà dìde jókòó. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yẹ kí àwòrán yẹn wà níwájú.

ỌmọAláàfin (10:15 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n dá yín padà sórí Láyípo. Ẹ ti sọ̀rọ̀ òrùlé tán, kò sí ẹni tó béèrè pé orí kí ni ọmọ yìí dúró lé tó fi rí i.

Wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ yẹn lọ́dún 1936 láti fi ṣèrántí Captain Robert Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ ní Ìbàdàn lọ́dún 1893. Lóṣù Kọkànlá 1895, Bower yìí kan náà kó ọmọ ogun lọ sí Ọ̀yọ́, ó yin ìbọn ńlá lu ìlú, lójú Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Nílé wa lọ́hùn-ún, wọn ò tíì gbàgbé. Ẹ̀yin wá ń gòkè lọ ya sélífì lórí rẹ̀, ẹ tún ń sanwó ìwọlé. Inú mi ò dùn sí i, kí n má parọ́.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (10:33 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó mú wa gòkè fọwọ́ hàn wá ibi tí Màpó wà, ó fọwọ́ hàn wá ibi tí pápá ìṣeré wà, ó sọ̀rọ̀ nípa àtẹ̀gùn tó ń yí po. Kò dárúkọ Ọ̀yọ́ rárá. Kí wá ni kí n ṣe sí àwòrán náà? Tí mo bá pa á rẹ́, Bower ò ní mọ̀. Kò sì síbòmíràn tí mo ti lè rí ìlú lódindi báyẹn.

BàbáMellanby (10:49 àárọ̀)

Òótọ́ ni ọmọ Ọ̀yọ́ sọ. Ó wà nínú ìtàn. Bó bá jẹ́ ká kúrò nínú gbogbo ilé tí òyìnbó kọ́ nílùú yìí, Gbọ̀ngàn Màpó náà ń bọ̀ nìyẹn, 1929 ni wọ́n ṣí i. Ilé ìkàwé Kenneth Dike tí Àbẹ̀kẹ́ ti ń sùn (mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti ń sùn), òyìnbó méjì ló yàwòrán rẹ̀, Maxwell Fry àti Jane Drew. Ibo la máa gbé?

AláróÌtókù (11:30 àárọ̀)

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mi ò fẹ́ dá sí i, àfi bí mo ṣe dé ìdí àwòrán tó gbẹ̀yìn. Ìsọ̀ tí ọmọ yìí dúró sí, mo mọ̀ ọ́n, kò jìnnà sí tiwa. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú, kí ẹ wo aṣọ kejì láti ọwọ́ òsì, èyí tí àró rẹ̀ dúdú jù.

Ṣé ẹ rí àwọn nǹkan tó dúró gbọnrangandan nínú àpótí kan? Òpó Gbọ̀ngàn Màpó nìyẹn. Ohun tó wà láàárín òpó sí òpó, ṣíbí ni. Ìbàdàndùn lorúkọ aṣọ náà. Èmi jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, mo sì ń sọ ọ́ fún yín, àwọn ìyá Ìbàdàn ló mọ̀ ọ́n yà jù. Wọ́n rí ilé ńlá tí wọ́n gbé ka orí òkè, wọ́n mú òpó rẹ̀, wọ́n fi ṣíbí ìdáná sí i láàárín, wọ́n rẹ ẹ́ sínú èlú, wọ́n gbé e lọ sọ́jà. Nínú gbogbo ẹni tó ń wá rà á lọ́dọ̀ wa, mi ò tíì rí ẹni tó béèrè ẹni tó kọ́ Màpó.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Olóba. Lọ́dún 1935, wọ́n ṣe júbílì ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn aládìrẹ mú àwòrán ọba àti ayaba láti ara ohun tí wọ́n ń pín kiri nígbà náà, wọ́n gbé e sáàárín aṣọ. Ìró ni wọ́n ń fi ṣe. Ìyá àgbà tó bá ró Olóba, kó jókòó sórí àpótí, ẹ bá mi ronú ibi tí ọba àti ayaba wà.

Jẹ́jẹ́Layé (11:36 àárọ̀)

Ẹ gbà mí o! Mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ti yíjú wò mí.

ỌmọAláàfin (11:58 àárọ̀)

Ẹ kú làákàyè, Aláró. Ìyá ìyá mi ní aṣọ yẹn, mo ti rí i nínú àpótí wọn, èmi rò pé jagunjagun kan ni. Mo gba ti aṣọ. Ti ilé ìṣọ́ ló ṣì ku díẹ̀. Àwọn aládìrẹ fi ọwọ́ ara wọn yí Màpó padà. Ta ló yí Láyípo padà? Kí wọ́n kọ ọdún 1895 sí pátákó, kí wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá ń gòkè kà á kó tó gòkè. Lẹ́yìn náà kó ya sélífì tó wù ú.

BàbáMellanby (12:10 ọ̀sán)

Èyí mọ́gbọ́n dání. Mo fọwọ́ sí i.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (12:24 ọ̀sán)

Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kẹta báyìí, ẹ lọ wò ó: ọdún 1936, ẹni tí wọ́n kọ́ ọ fún, àti ohun tó ṣe ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1895.

Mà, AláróÌtókù, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ oríṣiríṣi hàn mí, gbogbo wọn ni wọ́n ń pè ní àdìrẹ. Báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tí wọ́n fọwọ́ yà?

AláróÌtókù (1:15 ọ̀sán)

Wo ojú ìlà. Ẹlẹ́kọ tí wọ́n fọwọ́ yà, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á. Wọ́n á ro láfún bí ẹ̀kọ, wọ́n á sẹ́ ẹ kúnná, wọ́n á ki ìyẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa fà á lórí aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, àró ò ní mu ún. Ìlà náà á sanra níbi tí ìyẹ́ ti kọ́kọ́ balẹ̀, á tín-ín-rín bí ẹ̀kọ bá ti ń tán. Bó o bá wo àpótí méjì tó dà bíi ara wọn, wọn ò ní dọ́gba. Níbí ní Abẹ́òkúta, síǹkì tí wọ́n gé ní bátànì làwọn ọkùnrin ń lò láti ìgbà àwọn bàbá wa, ìyẹn náà lẹ́wà, àmọ́ gbogbo àpótí rẹ̀ bára mu régí.

Èyí tó pọ̀ lórí okùn nínú àwòrán rẹ, kámpálà ni. Àbẹ́là ni wọ́n yọ́, fóòmù ni wọ́n gé ní bátànì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, àró inú agolo ni. Iṣẹ́ gidi ni, èmi náà ń ṣe é, òun ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ mi. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n kó wá síbí. Yí aṣọ padà. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá funfun, má wulẹ̀ béèrè iye.

ỌmọÌbàdànNíPeckham (2:02 ọ̀sán)

Mo yí tèmi padà. Ó funfun. Owó tí mo san lórí ẹ̀, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ níbí.

Àdùnní_Òkèbọ̀lá (2:20 ọ̀sán)

Ọkọ̀ ojú irin ń kọ́? Àbẹ̀kẹ́ dárúkọ rẹ̀, ó fò ó kọjá. Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ mi wọ̀ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (2:41 ọ̀sán)

Mà, àwòrán tí mo yà nínú rẹ̀ ò dára ni, gíláàsì fèrèsé ń dá ojú mi padà fún mi. Àmọ́ ó dùn-ún wọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ jìgìjìgì kankan. Ẹ ó rí Omi-Àdió, ẹ ó rí oko ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọdé tó ń juwọ́. Ibùdókọ̀ Moníyà ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ orúkọ Wọlé Ṣóyínká. Ìṣòro rẹ̀ ni pé méjèèjì jìnnà sáàárín ìlú. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Àgbowó dé Ojóò, Ojóò dé Moníyà. Bí ẹ bá tún sọ̀ kalẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ẹ ó tún wá ọkọ̀ tí yóò gbé yín dé Ìtókù.

BàbáMellanby (3:05 ọ̀sán)

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó ti wà láti 1901, Dùgbẹ̀ ló dúró sí, láàárín ìlú gan-an. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó fi kóra jọ síbẹ̀. O bá sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè, o ti dé ọjà. Ẹni tó gbé ti ìsinsìnyí lọ sí Moníyà, ilẹ̀ ni kò rí ní Dùgbẹ̀ mọ́, mi ò bá a wí. Àwọn awakọ̀ ló jàǹfààní rẹ̀.

Awakọ̀Sángo (3:30 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ jẹ́ ká jẹun.

ỌmọAláàfin (4:18 ìrọ̀lẹ́)

Àbẹ̀kẹ́, mo rí ohun tó o kọ sábẹ́ àwòrán. O ṣeun, àbúrò. O ti ya Ìbàdàn, o ti ya Abẹ́òkúta. Ọ̀yọ́ ń kọ́? Wá wo àwọn tó ń fín igbá, wá wo àwọn tó ń fi awọ ṣe nǹkan. Jókòó ti ẹni tó ń fín igbá bí o ṣe jókòó ti àǹtí rẹ. Ọ̀bẹ kékeré kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í fi pẹ́ńsù ya ohunkóhun síwájú, ọ̀bẹ náà ló ń bá lọ, igbá ló ń yí.

Àbẹ̀kẹ́Oníkámẹ́rà (4:40 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo ń bọ̀! Ìdánwò ló kù. Ṣé Ojóò ni mo ti máa wọkọ̀? Ṣé wọ́n á sì gbà kí n yà wọ́n?

ỌmọAláàfin (4:52 ìrọ̀lẹ́)

Ojóò ni. Sọ fún awakọ̀ pé Owódé lò ń bọ́ sí. Àárọ̀ ni kó o wá, tí oòrùn bá ti mú, wọ́n máa ń kó igbá wọlé kó má baà sán. Bí o bá mọ ọjọ́ tí ò ń bọ̀, kọ ọ́ síbí. Èmi náà á bá wọn sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ ti sọ kó o tó dé. Kí o sì mú àwòrán oníbẹ́líìtì yẹn dání, kí wọ́n rí i pé o máa ń mú un padà.